Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Ìlà Ìdílé Dáfídì Sórí Bébà Yáàdì Méjì

Ìyá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kàn to àwọn ọmọkùnrin Dáfídì sísàlẹ̀ ara wọn, láti orí Ámínónì dé orí Sólómọ́nì, bí olùkọ́ tó ń pe rẹ́jísítà, kíláàsì yín á ka orúkọ tán, wọn ò sì ní mọ ohun tó mú àbúrò pa ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní mọ ohun tó mú ọmọ lé bàbá rẹ̀ kúrò láàfin. Ẹ pín wọn sí ìdí igi, bí a ṣe ń pín ogún nílé olórogún, ọ̀rọ̀ náà á yé ọmọdé.

Aránṣọ ni mí. Òkè-Àrò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Àkúrẹ́ níbí, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kíláàsì àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ìyá ọlọ́jà pọ̀ níbẹ̀, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, bàbá kan tó ti ṣe sọ́jà rí náà wà níbẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan kọjá láì bi mí pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Gbogbo wọn ló mọ ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì lórí. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tí Jóábù jẹ́ sí Dáfídì. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń ya bébà yìí.

Bébà búráùn tí àwa aránṣọ fi ń gé pátánì ni kí ẹ rà, yáàdì méjì. Lọ́jà Ọba, àwọn tó ń ta síìpù àti bọ́tìnnì máa ń ní in. Ẹ má ṣe ra káàdìbọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ó kúrú, ẹ ó kàn máa lẹ ọ̀kan mọ́ òmíràn ni, ojú ibi tí ẹ lẹ̀ á sì máa ṣí. Ẹ tún wá rúlà gígùn, pẹ́ńsùlù, bíìrò dúdú, gọ́ọ̀mù, àti òwú ìránṣọ àwọ̀ mẹ́jọ. Mi ò fi òwú náà ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ìyá kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, lè mọ ọmọ ìyá yàtọ̀ sí ọbàkan. Ní ti Bíbélì, ẹ mú ẹyọ kan, bí orúkọ bá ṣe wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, torí Bíbélì àtijọ́ àti ti òde òní kì í kọ orúkọ bákan náà.

Yáàdì méjì jẹ́ ìnṣì 72. Ẹ na bébà náà lóòró. Ìnṣì 20 tòkè jẹ́ ti àwọn baba ńlá, láti orí Júdà dé orí Jésè: orúkọ 10, ìnṣì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìnṣì 18 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti agboolé Dáfídì fúnra rẹ̀. Ìnṣì 34 tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọba, láti orí Rehobóámù dé orí Jehoiákínì, ìran 17. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà wọ̀nyí ná kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Láti Júdà dé Jésè

Ìwé Rúùtù ti bá wa ṣe iṣẹ́ ibí yìí. Orí 4, ẹsẹ 18 sí 22: Pérésì, Hésírónì, Rámù, Ámínádábù, Náṣónì, Sálímónì, Bóásì, Óbédì, Jésè, Dáfídì. Ẹ fi Júdà, bàbá Pérésì, sókè pátápátá.

Ibi Júdà yẹn, ẹ má sáré kọjá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Támárì, ìyá Pérésì, jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ́rì tó fẹ́ ẹ kú. Ónánì àbúrò rẹ̀ ṣú u lópó, òun náà kú. Júdà wá ń fi Ṣélà, ọmọ kẹta, falẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì orí 38 sọ bí Támárì ṣe fi aṣọ bojú, tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tí Júdà fúnra rẹ̀ kò dá a mọ̀, tó sì fi èdìdì, okùn àti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa ṣíṣú opó rí kò nílò àlàyé gígùn; àwọn ìyá inú kíláàsì mi á ti máa mi orí kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ìbejì ni Támárì bí. Sérà kọ́kọ́ na ọwọ́ síta, agbẹ̀bí so òwú pupa mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fa ọwọ́ padà, Pérésì sì ṣáájú rẹ̀ jáde. Òwú àkọ́kọ́ tí ẹ máa lẹ̀ nìyẹn: ẹ gé òwú pupa díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ Sérà. Àmọ́ kí ẹ múra sílẹ̀. Wọ́n á bi yín pé ta ni Táíwò nínú wọn, ta ni Kẹ́hìndé, ta wá ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á díẹ̀ kí ẹ tó dá sí i, torí ẹni tó bá bá wọn jà á kò ní gbàgbé Pérésì mọ́.

Hésírónì, Rámù àti Ámínádábù, ẹ kọ orúkọ wọn kí ẹ máa lọ. Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Náṣónì, ẹ kọ ọ́ pé arábìnrin rẹ̀, Élíṣébà, ni Áárónì àlùfáà fẹ́, àti pé òun ni olórí ẹ̀yà Júdà nínú aginjù. Ní ti Ráhábù gẹ́gẹ́ bí ìyá Bóásì, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí inú ìwé Mátíù lèyí wà, kò sí nínú Bíbélì Hébérù, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo bébà náà nìyẹn: ohun tí ìwé sọ ní gbangba, bíìrò, ohun tí àwọn èèyàn fi òye gbé tàbí tí wọ́n gbà láti ibòmíràn, pẹ́ńsùlù.

Ọ̀rọ̀ Bóásì àti Rúùtù kò jìnnà sí ti Támárì. Opó ni Rúùtù, Náómì sì ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìbátan kan wà tó sún mọ́ ọkọ Náómì ju Bóásì lọ, ó fẹ́ ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Rúùtù bá ilẹ̀ náà rìn, ó yí ohùn padà. Lẹ́nu ibodè ìlú, níwájú àgbààgbà 10, Bóásì gbà á. Ẹ kọ "ará Móábù" sábẹ́ orúkọ Rúùtù gàdàgbà-gadagba, torí ó máa wúlò láìpẹ́. Nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 22, nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lé Dáfídì kiri inú ihò àpáta, ta ni Dáfídì kó bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ bá? Ọba Móábù. Ìwé náà kò sọ ìdí tó fi jẹ́ Móábù. Lójú tèmi o, Rúùtù ni ìyá bàbá Jésè, nígbà tí ilé bàbá bá sì ti gbóná, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ilé ìyá là ń sá lọ? Pẹ́ńsùlù ni mo fi fa ìlà yẹn, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Tó bá wá kan Jésè, ìyá kan máa ń wà tó máa nawọ́: "Tíṣà, ìyá Dáfídì ńkọ́?" Bíbélì Hébérù kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ṣì wà láyé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sá kiri, torí wọ́n kó òun náà lọ sí Móábù. Àwọn rábì àwọn Júù, nínú Tálímúdì, pè é ní Nitzevet ọmọ Adael. Ẹ ya róbótó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésè, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ Nitzevet sínú rẹ̀.

Sámúẹ́lì Kìíní orí 17 ní ọmọkùnrin 8 ni Jésè bí. Kíróníkà Kìíní orí 2 ka méje: Élíábù, Ábínádábù, Ṣíméà, Nétánélì, Rádáì, Ósémù, Dáfídì ìkeje. Ẹ má wulẹ̀ bá ìwé méjì làjà. Ẹ ya ààyè mẹ́jọ, ẹ kọ orúkọ méje, kí èyí tó kù gba àmì ìbéèrè. Lábẹ́ Ṣíméà, ẹ kọ Jónádábù ọmọ rẹ̀, ẹ sì fa ìlà sídìí rẹ̀, torí ó ń bọ̀ wá ba ilé jẹ́.

Àwọn tí ọ̀pọ̀ bébà tí mo ti rí máa ń fò ni àwọn ọmọbìnrin Jésè, Seruáyà àti Ábígáílì. Ẹni tó bá fò wọ́n ti sọ ìdajì Sámúẹ́lì Kejì nù. Seruáyà ló bí Ábíṣáì, Jóábù àti Ásáhélì. Jóábù tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gágun, ọmọ arábìnrin ọba ni. Orúkọ ìyá wọn ni wọ́n fi ń pè wọ́n látòkè délẹ̀, "àwọn ọmọ Seruáyà". Kódà nígbà tí wọ́n sin Ásáhélì sínú ibojì bàbá rẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìwé náà kò dárúkọ bàbá ọ̀hún. Nígbà tí Jóábù pa Ábínérì, ọ̀gágun Sọ́ọ̀lù, Dáfídì sunkún, ó gbààwẹ̀, ó sì sọ pé àwọn ọmọ Seruáyà yìí le ju òun lọ. Kò fi ọwọ́ kan Jóábù. Kí ẹ tó bú u, ẹ wo ìlà tó so wọ́n pọ̀ lórí bébà, kí ẹ bi ara yín pé mélòó nínú wa ló lè fa ọmọ arábìnrin rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ábígáílì ló bí Ámásà. Nígbà tí Ábúsálómù ọmọ Dáfídì ṣọ̀tẹ̀ sí bàbá rẹ̀, Ámásà ló fi ṣe olórí ogun. Lẹ́yìn ogun, Dáfídì ní kí Ámásà gba ipò Jóábù. Lẹ́bàá òkúta ńlá tó wà ní Gíbéónì, Jóábù fi ọwọ́ ọ̀tún di irùngbọ̀n Ámásà mú bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì fi idà gún un níkùn. Ọmọ obìnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Jésè ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí róbótó méjèèjì sún mọ́ra lórí bébà.

Agboolé Dáfídì

Ìnṣì 18 yìí ni mo máa ń fi ọjọ́ Ìsinmi púpọ̀ kọ́. Ẹ kọ Dáfídì sí àárín, lẹ́tà ńlá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lókè, ẹ kọ Míkálì ọmọ Sọ́ọ̀lù, ìyàwó àkọ́fẹ́. Ẹ má fa ìlà kankan sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: Sámúẹ́lì Kejì orí 6 ní kò bímọ títí ó fi kú. Ká ní ó bímọ ni, ọmọ yẹn ì bá so ilé Sọ́ọ̀lù àti ilé Dáfídì pọ̀, bóyá ìjà púpọ̀ ì bá sì ti parí.

Ọdún 7 àti oṣù 6 ni Dáfídì fi jọba ní Hébúrónì. Ọmọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n bí fún un níbẹ̀, ìyá mẹ́fà ló sì bí wọn. Ó yẹ kí orí yín ti máa sọ ohun kan fún yín. Òwú búlúù fún Áhínóámù ará Jésírẹ́lì: òun ló bí Ámínónì, àrẹ̀mọ. Òwú àwọ̀ ewé fún Ábígáílì, opó Nábálì ará Kámẹ́lì (kì í ṣe Ábígáílì ọmọ Jésè o, ẹ kọ "opó Nábálì" sábẹ́ rẹ̀). Sámúẹ́lì pe ọmọ rẹ̀ ní Kíléábù, Kíróníkà pè é ní Dáníẹ́lì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Òwú dúdú fún Máákà, ọmọ Tálímáì ọba Géṣúrì: Ábúsálómù, pẹ̀lú Támárì. Òwú yẹ́lò fún Hágítì: Ádóníjà. Ábítálì bí Ṣẹfatáyà, Égílà bí Ítíréámù. Òwú funfun àti òwú àlùkò ni mo ń fún wọn. Wọn ò ní ìtàn kankan, ṣùgbọ́n ìdí igi gbọ́dọ̀ pé.

Ó yá, ẹ pe ẹnì kan jáde kó fi ìka tọ òwú dúdú. Ámínónì, ọmọ òwú búlúù, ń ṣàìsàn nítorí Támárì, ọmọ òwú dúdú. Jónádábù tí ẹ fa ìlà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n pé kó díbọ́n bí aláìsàn kí wọ́n lè rán Támárì wá se oúnjẹ fún un. Ẹ sì gbọ́ bí Ámínónì ṣe pè é: "Támárì, arábìnrin Ábúsálómù arákùnrin mi." Kò sọ pé arábìnrin òun. Lẹ́yìn tó ti fipá bá a lò pọ̀, Dáfídì bínú gidi, ó sì dákẹ́. Ábúsálómù tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà kò dákẹ́, àmọ́ kò sọ̀rọ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi dúró, kó tó pe gbogbo ọmọ ọba síbi rírẹ́ irun àgùntàn ní Baali-hásórì, tó sì ní kí wọ́n pa Ámínónì nígbà tí ọtí bá ti wọ̀ ọ́ lára. Ibo ló sá lọ lẹ́yìn náà? Géṣúrì, lọ́dọ̀ Tálímáì, bàbá ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ẹ padà lọ wo ìlà Móábù tí ẹ fi pẹ́ńsùlù fà lókè. Ẹ ò tún ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Bátíṣébà ló ni òwú aláwọ̀ wúrà, ní Jerúsálẹ́mù. Ọmọ mẹ́rin ni Kíróníkà kà fún un: Ṣíméà, Ṣóbábù, Nátánì, Sólómọ́nì. Kí ẹ tó kọ wọ́n, ẹ ya róbótó kékeré kan fún ọmọ àkọ́kọ́ tó kú ní ọjọ́ keje, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Nátánì tó wà láàárín wọn kì í ṣe Nátánì wòlíì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, torí ó dájú pé wọ́n á bèèrè. Bàbá Bátíṣébà ń jẹ́ Élíámù. Bí ẹ bá wá ṣí Sámúẹ́lì Kejì orí 23, níbi tí wọ́n ti to àwọn akọni Dáfídì, ẹ ó rí Élíámù kan níbẹ̀, ọmọ Áhítófélì ará Gílò. Úráyà, ọkọ Bátíṣébà tẹ́lẹ̀, tí Dáfídì mú kí wọ́n pa sójú ogun, wà nínú ìlà àwọn akọni yẹn kan náà. Bó bá jẹ́ Élíámù kan náà ni, a jẹ́ pé Áhítófélì, olùdámọ̀ràn ọba tó kẹ̀yìn sí Dáfídì tó sì tẹ̀ lé Ábúsálómù, bàbá bàbá Bátíṣébà ni. Pẹ́ńsùlù ni o. Ṣùgbọ́n bàbá sọ́jà wa wò ó títí, ó ní: "Wọ́n pa ọkọ ọmọ ọmọ mi sójú ogun, kí n wá máa jókòó gba ọba nímọ̀ràn?"

Àwọn mẹ́sàn-án tó kù tí wọ́n bí ní Jerúsálẹ́mù, Íbárì, Élíṣámà, Élífélétì àti àwọn yòókù, ẹ tò wọ́n sórí ìlà kan láìsí òwú, torí a kò mọ ìyá wọn. Élíṣámà jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú Kíróníkà, Élífélétì náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe wà ni kí ẹ kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin 19, láìka àwọn ọmọ tí àwọn àlè bí.

Ní ti òwú yẹ́lò, Ámínónì ti kú, Ábúsálómù ti kú, Ádóníjà sì ti ka ara rẹ̀ sí àrẹ̀mọ. Ó se àsè nídìí òkúta Sohélétì, ó pe gbogbo àwọn ọmọ ọba, Sólómọ́nì nìkan ni kò pè. Jóábù wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìyá ni ìwé náà tún ń dárúkọ nígbà gbogbo, "Ádóníjà ọmọ Hágítì". Bátíṣébà wọlé tọ ọba lọ, ohun tó sì sọ fún un ni pé bí bàbá bá lọ tán, wọ́n á ka òun àti ọmọ òun sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Olórogún ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ó mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

Lẹ́yìn tí Sólómọ́nì jọba, Ádóníjà rán Bátíṣébà pé kó bá òun tọrọ Ábíṣágì ará Ṣúnémù, ọmọge tó ń tọ́jú Dáfídì nígbà tó darúgbó. Ẹni tí kò mọ àṣà á sọ pé kí ló burú níbẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ta ló máa ń gba olorì tí ọba tó wàjà fi sílẹ̀? Ọba tuntun ni. Sólómọ́nì gbọ́ ọ bí àwa náà ṣe máa gbọ́ ọ: ó ní kí ìyá òun kúkú bá a tọrọ ìjọba pẹ̀lú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bẹnáyà pa Ádóníjà. Ohun tí Ábúsálómù ń sọ náà nìyẹn nígbà tó gba ìmọ̀ràn Áhítófélì, tó pàgọ́ sórí òrùlé, tó sì wọlé tọ àwọn àlè bàbá rẹ̀ lójú gbogbo Ísírẹ́lì. Ẹ kọ Ábíṣágì sí ọwọ́ ọ̀tún Dáfídì, láìsí òwú.

Àwọn ọba

Láti ibí ẹ lè yára. Ìnṣì méjì fún ọba kan, orúkọ rẹ̀ ní òsì, orúkọ ìyá rẹ̀ ní ọ̀tún. Ìwé Àwọn Ọba ló ràn wá lọ́wọ́, torí ó máa ń dárúkọ ìyá ọba Júdà bí ó bá ti ń sọ pé ó gorí ìtẹ́. Méjì péré ni kò sí: ìyá Jehorámù àti ìyá Áhásì. Ẹ fi àyè wọn sílẹ̀. Ẹ má sì fi orí kìíní Mátíù ṣe ìwé tí ẹ ń tẹ̀ lé níbí, torí ó fo Ahasáyà, Jóáṣì, Amasáyà àti Jehoiákímù, bébà yín á kúrú ní ìnṣì mẹ́jọ. Àwọn ọba àríwá, ti Samáríà, kò kàn wá. Bí ẹ bá kó wọn wọlé, ẹ ó rí Jehorámù méjì àti Ahasáyà méjì tí wọ́n jẹ́ ará ìgbà kan náà, kíláàsì á sì tú ká.

Sólómọ́nì fẹ́ ìyàwó 700 àti àlè 300, ọmọ mẹ́ta péré sì ni ìwé Àwọn Ọba dárúkọ: Rehobóámù, Táfátì àti Básémátì. Ìyá Rehobóámù ni Náámà ará Ámónì. Ẹni ọdún 41 ni Rehobóámù nígbà tó jọba, ogójì ọdún sì ni bàbá rẹ̀ lò lórí ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì ṣe ìṣirò náà fúnra wọn, kí wọ́n rí i pé wọ́n ti bí i kí Sólómọ́nì tó jọba.

Ẹ mú òwú dúdú padà. Ìyàwó tí Rehobóámù fẹ́ràn jù ni Máákà, ọmọ Ábúsálómù, òun ló sì bí Ábíjà tó jọba tẹ̀ lé e. Ẹ na òwú dúdú láti ọ̀dọ̀ Ábúsálómù wá síbí, kó gba ẹ̀gbẹ́ bébà kọjá. Ẹni tó kú sórí igi óákù nítorí oyè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú gbogbo ọba Júdà tó kù. Kíróníkà Kejì orí 13 pe ìyá Ábíjà ní Mikáyà ọmọ Úríẹ́lì. Àwọn kan ní Úríẹ́lì ló fẹ́ Támárì ọmọ Ábúsálómù, tí Máákà fi jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ Úríẹ́lì sí i. Támárì kẹta lórí bébà nìyẹn, ẹ fi 1, 2, 3 sí wọn lórí.

Ásà, Jehoṣáfátì, Jehorámù. Jehorámù fẹ́ Atalíà láti ilé Áhábù, ọba Samáríà, ó bí Ahasáyà. Nígbà tí wọ́n pa Ahasáyà, Atalíà dìde, ó pa ìdílé ọba run, ó sì jókòó lórí ìtẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Kíláàsì Àkúrẹ́ á sọ fún yín pé adélé ni, torí a ti mọ̀ pé bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń dé adé títí wọ́n á fi yan òmíràn. Ẹni tó bá wá láti Oǹdó á fi Púpùpú kún un, Ọṣemàwé àkọ́kọ́ tó jẹ́ obìnrin. Ẹ dá wọn lóhùn pé adélé ń tọ́jú ilé fún ẹni tó ń bọ̀ ni, Atalíà ń pa ẹni tó ń bọ̀. Àti pé ọmọ Dáfídì kọ́ ni: aya ló bá wọlé. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, lóde ìlà. Jehoṣébà, arábìnrin Ahasáyà, tó jẹ́ ìyàwó Jehoiádà àlùfáà, ló jí Jóáṣì ọmọ jòjòló gbé, tó sì fi í pa mọ́ sínú tẹ́ńpìlì. Ọmọ ọdún méje ni Jóáṣì nígbà tí wọ́n fi jọba. Lọ́dún mẹ́fà yẹn, ìlà Dáfídì látòkè wá dé ìsàlẹ̀ rọ̀ mọ́ ọmọ kan ṣoṣo yìí, nítorí náà ẹ fi àmì sí orúkọ Jehoṣébà.

Ìgbà Ahasáyà yìí náà ni mo fi ń dá bàbá sọ́jà lóhùn nígbà tó bá bèèrè pé ṣé ìwé mìíràn yàtọ̀ sí Bíbélì tiẹ̀ gbọ́ nípa Dáfídì. Lọ́dún 1993, ní Tel Dan ní àríwá Ísírẹ́lì, wọ́n hú òkúta kan tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ní èdè Árámáìkì, ti ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Jésù. Ọba Árámù kan ló ń fi ogun tó jà yangàn nínú rẹ̀, "Ilé Dáfídì" sì wà lára ohun tó kọ.

Amasáyà, Usáyà, Jótámù, Áhásì, Hesekáyà, Mánásè tó lo ọdún 55, Ámónì, Josáyà. Ẹ kàn kọ wọ́n pẹ̀lú ìyá wọn.

Lábẹ́ Josáyà, ìlà yà sọ́nà púpọ̀, ẹ rọra. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló jọba, ìdí igi sì tún ni kí ẹ fi pín wọn: Jehoáhásì àti Sedekáyà, ìyá wọn ni Hámútálì, Jehoiákímù, ìyá tirẹ̀ ni Sébídà. Jehoiákínì ọmọ Jehoiákímù gorí ìtẹ́ fún oṣù mẹ́ta péré kí Nebukadinésárì tó kó o lọ sí Bábílónì lọ́dún 597 ṣáájú ìbí Jésù, òun àti ìyá rẹ̀, Nẹhúṣítà. Sedekáyà tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọmọ rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Ẹ má fi í sí abẹ́ rẹ̀. Ìlà Sedekáyà parí ní Ríbílà, níbi tí wọ́n ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ojú náà.

Jehoiákínì kò kú sójú ogun. Wọ́n ti rí wàláà amọ̀ ní Bábílónì tí wọ́n kọ òróró tí wọ́n ń wọ̀n fún ọba Júdà yìí àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún sí. Ìnṣì 72 parí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé kò parí, nítorí náà ẹ lẹ ìnṣì mẹ́wàá sí i mọ́ ìsàlẹ̀. Serubábélì, ọmọ ọmọ Jehoiákínì, ni kí ẹ fi ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹ́sírà àti Hágáì ní ọmọ Ṣéálítíẹ́lì ni, Kíróníkà Kìíní orí 3 ní ọmọ Pedáyà. Àwọn kan ní Pedáyà ló ṣú opó Ṣéálítíẹ́lì. Ẹ fa ìlà méjèèjì pẹ̀lú bíìrò, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ àlàyé yẹn. Ẹ má gbàgbé Ṣẹ́lómítì, ọmọbìnrin Serubábélì, torí Kíróníkà kò gbàgbé rẹ̀. Orí 3 yẹn ń bá a lọ dé orí àwọn ọmọ Elioénáì, méje ni wọ́n, Ánánì ni àbíkẹ́yìn. Ẹ gé bébà yín síbẹ̀.